Ọwọ́ Ta Ni Mọ́tò Yìí Wà? Bí Tòkunbọ̀ Ṣe Ń Wọ Ebúté, Tó sì Ń Jáde

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ojúlùmọ̀ mi kì í yé bi mí: "Mọ́tò tí mo rà láti Amẹ́ríkà ti dé o, ṣùgbọ́n brain box ẹ̀ ti lọ. Ta ni kí n mú?" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Brain box ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, irin lásán lèèyàn rà. Ẹni tó ta mọ́tò á ní ó pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Àwọn tó ni ọkọ̀ òkun á ní bí wọ́n ṣe fún àwọn làwọn ṣe gbé e dé. Terminal á ní bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ajẹ́ńtì á ní òun ò tiẹ̀ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ń búra, owó yín sì ti wọgbó.

Ìdáhùn wà o, ó sì wà nínú ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní ebúté, ó yẹ kí ẹnì kan wò ó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ló ń sọ ọwọ́ ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tọ mọ́tò kan lẹ́yìn láti géètì ebúté kan ní Amẹ́ríkà títí dé géètì Tin Can ní Èkó, ká wo ibi tí ọwọ́ ti ń yí.

Ilé ìgbọ́kọ̀sí tó ń léfòó

Kí mọ́tò tó gba orúkọ yìí, ọmọ èèyàn ló ń jẹ́ Tòkunbọ̀: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé. Mọ́tò náà gba òkun bọ̀, ó sì ní ọ̀nà méjì tó lè gbà. Wọ́n lè tì í mọ́ inú kọ̀ńténà. Wọ́n sì lè fi ọkọ̀ òkun RoRo gbé e. RoRo ni ìkékúrú roll-on, roll-off, ìyẹn ni pé wọ́n á wa mọ́tò wọlé fúnra rẹ̀, wọ́n á sì wà á jáde. Kò sí kíréènì tó ń gbé e sókè.

Ẹ fojú inú wo ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń léfòó lórí omi. Ó ní ilẹ̀kùn irin ràgàjì kan lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ilẹ̀kùn náà á dojú kalẹ̀, á di afárá láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀ ebúté. Ọ̀kan nínú wọn tó ń wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń jẹ́ Great Lagos. Ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ tó mítà 250, ó lè gba mọ́tò bíi 2,500, kí ó tún gba kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 20 tó tó 2,000 kún un. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Great Cotonou.

Mọ́tò 2,500, ṣùgbọ́n irú mọ́tò wo? Corolla kò tóbi tó jíípù. Láti ọjọ́ pípẹ́, ìdíwọ̀n tí wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ yìí ni Toyota Corona ọdún 1966. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.125, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.55. Àyè tí Corona kan gbà ni wọ́n ń pè ní mọ́tò kan. Jíípù òde òní gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí terminal fi máa ń wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga mọ́tò yín kó tó dá owó lé e. Ẹ ò sanwó tìtorí pé mọ́tò ni. Àyè tó máa gbà lẹ ń san owó fún.

Géètì àkọ́kọ́: gbígba mọ́tò wọlé

Ẹ jẹ́ ká ní Newark ni mọ́tò wa ti fẹ́ gbéra. Dérébà tó gbé e wá á kọ́kọ́ mú nọ́ńbà booking wá, ìyẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti gba àyè sílẹ̀ fún mọ́tò náà nínú ọkọ̀ òkun. Á tún mú ìwé tó fi hàn pé mọ́tò ní olówó, èyí tí wọ́n ń pè ní title níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ìwé yìí àti mọ́tò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ó kéré tán wákàtí 72 kí wọ́n tó gbé e kúrò nílùú. Kí ni wákàtí 72 yẹn wà fún? Kí wọ́n lè ráyè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n jí i ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Epo inú tánkì kò gbọ́dọ̀ ju ìdámẹ́rin lọ. Ẹrù ilé, bí aṣọ, tẹlifíṣọ̀n àti ìrẹsì, kì í wọ inú mọ́tò RoRo níbi púpọ̀, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lára mọ́tò jálẹ̀ ìrìn àjò. Ọwọ́ tó máa kan kọ́kọ́rọ́ yẹn pọ̀. Mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé fọ́kílíìfù ló máa gbé e tàbí kí wọ́n fi nǹkan tì í.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó ń dá irọ́ mọ̀

Níbi tí Corolla funfun 300 tò sí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ tiyín? Nọ́ńbà ṣaṣí, tí wọ́n ń pè ní VIN, ni. Láti mọ́tò ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 17 gẹ́lẹ́. Kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n jọ 1 àti 0. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà. Ìkẹwàá ń sọ ọdún àwòṣe rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìkẹsàn-án. Kò sọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn 16 tó kù. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ mú VIN àfidánwò tó rọrùn jù lọ, 1 lọ́nà 17: 11111111111111111. Àyè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún: 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2, 10, 0, 9, 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2. Ẹ fi ìwọ̀n náà ṣe ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà tó wà ní àyè rẹ̀, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 89 lẹ máa rí. Ẹ fi 11 pín in: ó lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ṣẹ́ ku 1. Ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ló gbọ́dọ̀ wà ní àyè kẹsàn-án, 1 náà ló sì wà níbẹ̀. (Bó bá jẹ́ 10 ló ṣẹ́ kù, X ni wọ́n ń kọ.)

Wàyí o, ká ní akọ̀wé kan tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru ṣi nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kọ, ó fi 2 dípò 1. Àròpọ̀ á di 91. Ẹ fi 11 pín in, ó ṣẹ́ ku 3. Àyè kẹsàn-án ní 1, ìṣirò ní 3. Kọ̀ǹpútà terminal á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. VIN onílẹ́tà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: A jẹ́ 1, B jẹ́ 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà ni òfin yìí dè. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù kì í lò ó, nítorí náà ẹ má sáré pe mọ́tò Jámánì ní ayédèrú nítorí pé ìṣirò yín kò bá a mu.

Àwòrán mọ́tò àti àmì ibi tó ti ya

Bí orúkọ mọ́tò bá ti dájú, ó ku ara rẹ̀. Olùyẹ̀wò á yí i po pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ya àwòrán mọ́tò sí, tàbí ẹ̀rọ alágbèéká tó ní àwòrán bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti họ, ó ń fi àmì sí i. Ibi tó ti tẹ̀, gíláàsì tó sán, táyà tí kò sí, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lẹ ìwé tó ní barcode àti orúkọ ebúté tó ń lọ mọ́ gíláàsì iwájú.

Terminal á wá kọ rísíìtì pé àwọn ti gba mọ́tò náà, bó ṣe rí nìyí. Láti ìgbà yẹn, ohun tí kò bá sí lórí ìwé yẹn, lójú àwọn tó kù, kò ṣẹlẹ̀ kí mọ́tò tó wọlé. Nítorí náà, bí rísíìtì bá sọ pé mọ́tò pé pérépéré, tó wá dé Èkó láìní iná iwájú, ẹni tó tà á fún yín ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí rísíìtì bá sì ti sọ pé kò ní iná láti Newark, kí lẹ fẹ́ bá ọkọ̀ òkun jà sí? Ẹ béèrè fún ẹ̀dà rísíìtì yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ra mọ́tò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù yìí ní àléébù kan. Ìta mọ́tò ló máa ń wò jù. Brain box wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì tàbí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Wáyà kan péré

Ẹ lè máa rò pé owó nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní June 4, 2020, ní Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó mọ́tò àlòkù 2,420 sínú ọkọ̀ òkun Höegh Xiamen tán. Iná ṣẹ́ yọ. Ó jó fún ọjọ́ tó ju mẹ́jọ lọ, panápaná mẹ́sàn-án fara pa, ọkọ̀ àti ẹrù tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là sì ṣòfò. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, tọpa iná náà dé ibi bátìrì mọ́tò àlòkù kan tí wọn kò já wáyà rẹ̀ dáadáa. Ìlànà tó ní kí wọ́n já a, kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀, wà nílẹ̀. Àwọn tó kó ẹrù kò tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣe alábòójútó kò sì rí i.

Báwo ni bátìrì lásán ṣe ń dáná? Vólti 12 kò tó láti gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n bátìrì mọ́tò lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló sáà ń yí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Bí ẹnu wáyà bá ń fara kan orí bátìrì, tó tún ń kúrò, bí ọkọ̀ òkun ṣe ń mì, á máa ta pàrà. Bí wáyà tó ti gbó nínú mọ́tò àlòkù bá sì kan ara irin, ooru tó máa jáde níbẹ̀ lè jó rọ́bà àti fóòmù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ara mọ́tò ló so mọ́ orí tó jẹ́ négátíìfù. Ìdí rèé tí riwáyà yín fi máa ń kọ́kọ́ tú négátíìfù: bí sípánà rẹ̀ bá wá kan ara mọ́tò lẹ́yìn náà, kò sí ọ̀nà tí iná á gbà yípo.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní July 5, 2023, Newark ni ó tún ti ṣẹlẹ̀, nínú ọkọ̀ òkun Grande Costa d'Avorio tó ń kó mọ́tò àlòkù bọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Lọ́tẹ̀ yìí, jíípù tí wọ́n ń fi ti àwọn mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ wọlé ló gbóná jù tó sì gbiná. Wọn kò ṣe jíípù náà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Panápaná méjì bá iná náà lọ. Èmi ò lè wo tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tì lójú títì mọ́ kí n má rántí wọn.

Ta ló ń wọlé kẹ́yìn?

Mọ́tò kì í kàn wọ ọkọ̀ òkun bí ó ṣe dé terminal. Wọ́n á kọ́kọ́ tò ó sínú pápá ńlá, ní ìlà ìlà, gẹ́gẹ́ bí ebúté tó ń lọ. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Èyí tó bá wọlé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ jáde. Bí ọkọ̀ bá máa dé Dakar kó tó dé Èkó, mọ́tò Dakar kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mọ́tò Èkó, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kọ́kọ́ wa ti Èkó jáde sórí ilẹ̀ Dakar kí ti Dakar tó rọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń wà á jáde wà á wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní àtijí nǹkan àti àtiha ara mọ́tò ń pọ̀ sí i.

Nínú ọkọ̀, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ìkejì, kò ju àyè àtẹ́lẹwọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á wá fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀. Ṣé bíréèkì ọwọ́ kò tó ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ọkọ̀ òkun bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé igun 30, ìdajì ìwúwo mọ́tò ló máa máa fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́tò 1,500 kílò ń fi 750 kílò ti ẹnìkejì rẹ̀ nìyẹn. Bí irin ilẹ̀ bá sì tutù, táyà kò ní gbá a mú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dè é.

Tin Can: ọwọ́ tún yí

Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ebúté Tin Can Island, nígbà tí ẹrù ti kún Àpápá àkúnwọ́sílẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn terminal tí a mọ̀ sí ti RoRo bíi PTML àti Five Star Logistics wà. Láti January 2017 tí Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò gba bodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ebúté omi nìkan ni ọ̀nà tó bófin mu. Àwọn tó mọ bí ọjà mọ́tò ṣe máa ń kún Kútọnu láyé ọjọ́un á mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

Bí mọ́tò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, akọ̀wé kan wà lẹ́nu afárá tó ń fi VIN rẹ̀ wé ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò ara mọ́tò kejì ti yẹ kó wáyé. Ohun tó bá ti bàjẹ́ kí mọ́tò tó kúrò lẹ́nu afárá, ọwọ́ ọkọ̀ òkun ló wà. Ohun tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ terminal ló bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á kọ nọ́ńbà àyè rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà.

Kí wọ́n tó fi mọ́tò lé yín lọ́wọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ là. Èkíní, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bill of lading ni ìwé tí ẹ máa kó fún wọn. Ẹ má fi í ṣeré o, nítorí ìwé yẹn ló dúró fún mọ́tò fúnra rẹ̀. Èkejì, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gba owó orí wọn. Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi VIN gan-an dá iye owó mọ́tò, kí òṣìṣẹ́ má baà kàn máa fojú díwọ̀n. Ẹ̀kẹta, ẹ máa san owó terminal. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti kọjá, owó ìgbọ́kọ̀sí á máa gorí ara wọn lójoojúmọ́, ìwé tó falẹ̀ lọ́nà kan á sì sọ yín di onígbèsè lọ́nà kejì.

Kí ẹ tó jáde ní géètì

Ibí ni mo ti fẹ́ ká padà sórí brain box. Mọ́tò tó bá ti Amẹ́ríkà gbéra, òfin wọn nípa ẹrù orí omi, ti 1936, ló máa ń dè é. Òfin náà ní kí ẹni tó ń gba ẹrù kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun tàbí aṣojú wọn ní ebúté bí nǹkan bá bàjẹ́ tàbí sọnù, kí ó tó gbé ẹrù lọ tàbí lójú ẹsẹ̀ tó ń gbé e lọ. Bí àléébù náà kò bá hàn síta, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní. Bí kò bá kọ nǹkan kan, wọ́n á kà á sí pé ẹrù dé bó ṣe wà nínú ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló kù tó máa wá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì máa dé kóòtù, ọdún kan ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Brain box kì í hàn síta. Ẹni tó bá gbé mọ́tò lọ sílé, tó wá gbé e fún mẹ́káníìkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ti jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta náà kọjá lára òun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó máa ń gbé mọ́tò wọlé kì í fi èyí ṣeré. Ajẹ́ńtì á ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká tètè jáde o, go-slow ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Mile 2." Òun á ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí inú ẹ̀ ná." Á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, riwáyà tó mú dání á fi ẹ̀rọ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà mọ́tò ń fèsì, á bẹ̀rẹ̀ wo ibi salẹ́ńsà bóyá wọ́n ti gé katalítíìkì lọ, á ka VIN tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ ti ara ilẹ̀kùn, á sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí táyà tó kọjá géètì. Ohun tó bá kù, ó ń kọ ọ́ sórí ìwé tí terminal fẹ́ kó fọwọ́ sí, kó tó fọwọ́ sí i. Kì í gba ogún ìṣẹ́jú.

Bí ẹ ò bá tíì fẹ́ ra mọ́tò, ẹ ṣì lè fi èyí dán ọpọlọ wò. Ẹ lọ síbi Toyota tàbí Honda kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ wo gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ dérébà, ẹ da VIN rẹ̀ kọ. Ẹ fi 1 dé 8 rọ́pò A dé H, 1 dé 5 rọ́pò J dé N, 7 rọ́pò P, 9 rọ́pò R, kí ẹ fi 2 dé 9 rọ́pò S dé Z. Ẹ lo àwọn ìwọ̀n tí mo kọ sókè, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi 11 pín in, kí ẹ wá wo àyè kẹsàn-án. Bí kò bá bá a mu, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó lọ bá olówó mọ́tò.